Ilé bàbá Màámi, ₦35,000

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Òṣogbo tó máa ń wo fọ́tò ya ilé abúlé fúnni. Ẹ ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ó san ìdajì owó, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. ₦35,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú férémù. Màámi ló fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, mo sì ní kó ya ilé bàbá wọn ní Èsà-Òkè: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ 1958 sí iwájú rẹ̀ lókè.

Ó mọṣẹ́ rẹ̀. Òpó méjèèjì iwájú ilé, òdòdó sìmẹ́ńtì ara wọn, fèrèsé tó ṣe roboto lókè, irú iṣẹ́ ọnà táwọn Àgùdà kó ti Brazil bọ̀ wá sí Èkó kó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa, kò fo ọ̀kankan. Ó tilẹ̀ ya ibi tí páànù ti dípẹtà.

Àmọ́ nígbà tó fi èyí tó kọ́kọ́ fi léèdì yà hàn mí, nǹkan kan ń rú èéfín lórí òrùlé.

"Kí lèyí?"

"Ihò èéfín ni, Àǹtí. Kó lè dà bí ilé téèyàn ń gbé."

Ẹ̀rín pa mí. Èmi náà yà á rí ní pírámárì: òrùlé ṣóńṣó, ilẹ̀kùn kan láàárín, fèrèsé méjì, ihò èéfín. Ilé àwọn òyìnbó tó ń dáná sí yàrá nítorí òtútù ni! Ẹ̀yìnkùlé ni èéfín tiwa ti ń rú. Ó yọ ọ́ kúrò láìjanpata. Ojú oórì Bàbá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mi ò gbà kó yọ. Ó ní àwọn oníbàárà kan kì í fẹ́ ẹ. Kí ni wọ́n wá ń yà?

Màámi fọwọ́ kan 1958, wọ́n ka fèrèsé, wọ́n fi yàrá tí wọ́n ń sùn sí ní kékeré hàn mí. Lẹ́yìn náà, ojú wọn rọ̀.

"Níbo ni gbogbo wọn wá lọ?"

"Àwọn ta, mà?"

"Àwọn ará ilé. Ilẹ̀kùn wà ní títì lọ́sàn-án gangan."

Ẹ̀bi mi ni. Ọjọ́ tí mo ya fọ́tò, ẹni tó ń gbébẹ̀ ti lọ sóko. Láyé Bàbá àgbà, ìdájí ni ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí, ó di alẹ́ pátápátá kí wọ́n tó pa á dé. Láti títì lèèyàn ti ń kí wọn.

₦10,000 ni mo tún san. Mo kọ́kọ́ bínú, àmọ́ yíǹkì kì í ṣe léèdì, ìwé tuntun ló fi bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, èèyàn ń rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ́ọ̀ọ́kán.

Férémù rẹ̀ ò dáa. Ó fẹ́lẹ́, dígí sì ti sán kó tó dé gáréèjì. Ẹ gba àwòrán nìkan, kẹ́ ẹ fún káfíńtà tiyín. Ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.