El Mariachi: mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tún ń wù mí í wò

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo fíìmù El Mariachi, n kò mọ nǹkan kan nípa owó tí wọ́n fi ṣe é. Ìtàn rẹ̀ ló gbé mi. Akọrin kan wọ ìlú kékeré kan ní Mẹ́síkò, ó wọ aṣọ dúdú, ó gbé àpótí jìtá dání, iṣẹ́ ló ń wá. Apànìyàn kan tó ń jẹ́ Azul, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n, náà ń bọ̀ wá sí ìlú yẹn. Òun náà wọ dúdú, òun náà gbé àpótí jìtá, àmọ́ ìbọn ló kún inú tirẹ̀. Moco, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn ìlú, ti ní kí àwọn ọmọ òun pa ẹni tó bá wọ dúdú tó sì gbé àpótí jìtá. Àwa tí à ń wòran ti mọ ohun tó ń bọ̀, akọrin náà kò mọ̀. Ibẹ̀ ni àyà ti ń já.

Robert Rodriguez ló darí rẹ̀, fíìmù gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó yà á ní Ciudad Acuña, ìlú kan ní Mẹ́síkò, lọ́dún 1991, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi yà á. Nǹkan bí 7,000 dọ́là ló ná an. Ó rí lára owó yẹn nípa pé ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àwọn tó ń dán oògùn tuntun wò. Òun fúnra rẹ̀ ló di kámẹ́rà mú, òun náà ló gé fíìmù. Òṣèré tí kò bá sí nínú ìran tí wọ́n ń yà lọ́wọ́ ló ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà. Àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn ni wọ́n fi ń gbé kámẹ́rà rìn.

Ohùn ló yà mí lẹ́nu jù. Kámẹ́rà tó yá lò ń pariwo, kò sì ṣeé ṣe kí wọ́n gba ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Tí wọ́n bá ya ìran kan tán, á gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sún mọ́ ẹnu òṣèré, á ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ta ló sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu régí? Ibi tí ẹnu bá ti fẹ́ ya ohùn sílẹ̀, á yára gé e, á fi ojú ajá hàn wá, tàbí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu àwọn òṣèré nìkan ni mo ń ṣọ́, mo sì wá mọ ìdí tí fíìmù náà fi ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìbọn. Ìbọn gidi ni, ọta àfiṣeré inú rẹ̀ sì máa ń há lẹ́yìn ìró kan. Ó ń yà á ní ẹyọ ẹyọ láti ọ̀nà oríṣiríṣi, ó wá so wọ́n pọ̀.

Ìran tí mo fẹ́ràn jù ni ti Dominó, obìnrin tó ni ilé ọtí. Kò dá a lójú pé akọrin ni ọkùnrin yìí lóòótọ́, ló bá na ọ̀bẹ sí i nínú ibi ìwẹ̀, ó ní kó kọrin. Yàrá kékeré, ènìyàn méjì, jìtá kan. Ẹ̀rù àti ìfẹ́ jọ wà níbẹ̀, mi ò lè mójú kúrò.

Kò pé o. Àlá akọrin náà pọ̀ jù fún mi, àwọn ibi tí wọ́n ti mú kí àwòrán sáré sì ń ba ìbẹ̀rù jẹ́. Ẹ má sì rò pé 7,000 dọ́là nìkan ló wà nínú ohun tí a ń wò lónìí: lẹ́yìn tí Columbia, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá ní Amẹ́ríkà, rà á, owó tó ju ìyẹn lọ fíìfíì ni wọ́n fi tún ohùn rẹ̀ ṣe kó tó dé sinimá. Síbẹ̀, ìtàn yẹn kò yí padà, òun ni àwọn òǹwòran níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance sì fún ní ẹ̀bùn tiwọn lọ́dún 1993.

Èdè Sípáníìṣì rẹ̀ ni kí ẹ fi wò ó, kí ẹ máa ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fojú sí ọwọ́ akọrin náà láti ìgbà tó bá ti kọ́kọ́ gbé àpótí yẹn, títí dé ìran tó gbẹ̀yìn.