Orúkọ ajá ló gbé mi dé Amẹ́ríkà: ohun tí ojú mi rí nínú fellowship ìgbà ooru kan

Bí mo ṣe sọ fún bàbá mi pé orúkọ ajá ni mo fẹ́ lọ ṣèwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí n má fi àwọn ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí nípa àjọṣe ènìyàn àti ẹranko fún mi ní fellowship, ìyẹn àǹfààní láti lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣèwádìí, ní yunifásítì kan lọ́hùn-ún. Ìgbà ooru wọn ni, nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan ní Adó-Èkìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì ń bi mí bóyá kí àwọn náà gbìyànjú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ mi kò ṣòroó ṣàlàyé. Ní àwọn abúlé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lápá Ìkọ́lé, ẹni tínú ń bí sí aládùúgbò rẹ̀ lè má pariwo rárá. Á wá ajá kan, á sì fi òkò ọ̀rọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti pàdé Ṣe-tìẹ, Jẹ́-n-sinmi, Ẹnu-ayé àti Ta-ló-mọ̀la. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni ajá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pè é wá jẹun. Ẹni òdìkejì á gbọ́, kò sì ní lè sọ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: àlàyé ìwádìí lójú ìwé mẹ́ta, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí mo ti ṣe, lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbà mí lọ́jọ́: kí ni iṣẹ́ yìí máa sọ nípa ẹranko náà fúnra rẹ̀? Mo kọ ìdáhùn kan tó dùn ún kà. Èmi alára kò gbà á gbọ́.

Ibi owó ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Owó ìtọ́jú tí wọ́n fún mi tó oúnjẹ àti ilé, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ òfuurufú. Oṣù méjì lẹ́yìn tí mo délé ni wọ́n tó dá a padà. Kí n tó gba físà J-1, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń lọ fún ẹ̀kọ́ tàbí ìwádìí, mo ti san 220 dọ́là fún SEVIS, ìyẹn ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọpa irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀, àti 185 dọ́là fún físà fúnra rẹ̀, nígbà tí dọ́là kan ti ju 1,000 náírà lọ. Ẹ fi owó mọ́tò Adó sí Èkó kún un, àlọ àti àbọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá mi lówó. Olùkọ́ yunifásítì tó bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ ń bẹ nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ẹ bi í bóyá ó ní oko kòkó. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àwa ará ibí máa wá lóòótọ́, kí àwọn fúnra wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní ká fi sọ èrò wa. Kò sẹ́ni tó fèsì títí dòní.

Àmọ́ ilé ìkàwé wọn! Ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ lórí àjọṣe ènìyàn àti ẹranko: Anthrozoös láti 1987 tó ti bẹ̀rẹ̀, Society & Animals láti 1993, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, iná kò sì lọ lẹ́ẹ̀kan. Nílé, ojú ìwé àkọ́kọ́ la máa ń rí kà kí wọ́n tó ní ká mú káàdì báǹkì wá. (Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìfojú kan iyán, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ará Èkìtì ni mí.)

Àwa mẹ́sàn-án la pé jọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ẹnì kan máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, táwọn yòókù á sì tú u wò. Níbẹ̀rẹ̀, a kò gbédè ara wa. Ẹranko, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ni ajá tó ń bá ènìyàn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ń sọ ti Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún, àti ajá tí wọ́n fi ń bọ Ògún. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Mo sọ ti màlúù àti òfin tí Èkìtì ṣe ní 2016 lórí dída ẹran jẹko, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ìnàkí ṣì wà nínú igbó ọba Ìṣẹ̀-Èkìtì ni ara wọn tó yá gágá. Ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹṣin tì lọ́jọ́ náà.

Obìnrin kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ lórí ilé ìpẹran ló bi mí pé: "Ajá náà ńkọ́? Kí ló kàn án nínú ìjà yín?" Inú bí mi. Ó dà bíi pé ó ń bú wa. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá rí i pé ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù nìyẹn, èyí tí mo fi ọ̀rọ̀ dídùn yẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo lè tún yá owó torí ẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ìwádìí lọ́wọ́ tó sì fẹ́ kí wọ́n tú u palẹ̀, kó lọ. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí nìkan wù, kó jókòó sílé, owó á pọ̀ jù fún un.

Ní oṣù Kọkànlá, mo padà sí abúlé. Mo bá Ṣe-tìẹ nílẹ̀ lẹ́bàá àdògán, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan kò kanlẹ̀ mọ́. Ìyá tó ni ín ní níbi tí àwọn ti ń pè é wá jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni òkò ti wá láti ilé kejì. Òkò gidi, kì í ṣe ti ọ̀rọ̀. Ọmọ ajá tuntun kan wà lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo bi wọ́n pé kí lorúkọ tirẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ilé kejì, wọ́n ní kí n dúró di ìrọ̀lẹ́.