Debian Stable tàbí Arch Linux: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Sórí Kọ̀ǹpútà Yín?

Ẹni tó bá fẹ́ fi Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yóò bá oríṣiríṣi rẹ̀ pàdé, tí Debian àti Arch wà lára wọn, ṣùgbọ́n ohun kan ni gbogbo wọn ń bi í: bí àwọn tó kọ ètò kan bá gbé ẹ̀yà tuntun jáde, ṣé kí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn náà ni, àbí kí àwọn kan kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní? Debian máa ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Nǹkan bí ọdún méjì ló máa ń wà láàárín ẹ̀yà rẹ̀ kan sí èkejì. Ẹ̀yà 12 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹ̀yà 13 sì dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Bí àlébù ààbò bá yọjú láàárín àkókò yẹn, àwọn olùtọ́jú sábà máa ń mú àtúnṣe yẹn nìkan, wọn á sì rán an mọ́ ẹ̀yà tó ti wà lọ́wọ́ yín. Ní ti Arch, kò sí ẹ̀yà ńlá kankan tí à ń dúró dè, ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í pẹ́ wọlé.

Dátà ni ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù. Mo ní kọ̀ǹpútà kan tó ń lo ọ̀kan nínú àwọn Linux tó ń sáré tẹ̀lé ẹ̀yà tuntun, èyí tí n kò ní dárúkọ, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí mo tan án padà, kò gba ohunkóhun wọlé, nítorí pé àwọn kọ́kọ́rọ́ tó fi ń yẹ ìbuwọ́lù àwọn olùtọ́jú wò ti gbó; nígbà tí mo sì tún ìyẹn ṣe tán, gígábáìtì lórí gígábáìtì ló ní kí n gbà, dátà iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sì tán kó tó dé ìdajì.

Irú ìmúdójúìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé dín kù. Ẹni tó bá lo Arch, tó torí owó dátà kọ pacman -Sy (pacman ni irinṣẹ́ tí Arch fi ń gba ètò wọlé) pẹ̀lú orúkọ ètò kan ṣoṣo, tó sì fi u tó yẹ kó kẹ́yìn, èyí tó ń sọ gbogbo ètò yòókù di tuntun, sílẹ̀, lè rí i pé ètò tuntun náà ń wá láíbìrì (àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn ń gbára lé) tí kò tíì sí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tàbí pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò ṣí mọ́. Àwọn olùtọ́jú Arch fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sí ìmúdójúìwọ̀n àbọ̀. Lórí Debian, ẹ lè fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí ẹ rìnrìn àjò, ìwọ̀nba àtúnṣe ni ẹ ó bá nílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ jáde ni, Arch ló máa ń tètè dá Wi-Fi rẹ̀ mọ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà Arch kò lẹ́gbẹ́. Àwa tí à ń lo Debian pàápàá ń kà á.

Ní ti ààbò, ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tú àṣírí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn) tí ẹnì kan fi pamọ́ sínú xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ẹ̀yà 5.6.0 àti 5.6.1. Ó ti dé Arch, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pàkúté náà kò lè mú sshd ibẹ̀, ètò tí à ń gbà wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn. Kò dé Debian Stable, ìyẹn Debian tí wọ́n ti yẹ̀ wò tán, rárá. Àmọ́ kí a má ṣègbè: àyípadà tí Debian fúnra rẹ̀ ṣe sí OpenSSL, ètò tó ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ìpàmọ́, ní ọdún 2006 sọ àwọn kọ́kọ́rọ́ ìpàmọ́ di ohun tí ènìyàn lè méfò, títí di ọdún 2008 tí wọ́n fi rí i.

Ẹni tó ń kọ ètò, tó nílò irinṣẹ́ tó dé lánàá, tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì rẹ̀ kò sì ní òdiwọ̀n, Arch yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí ẹlòmíràn fi Debian sí i, kí ó sì gba ètò tó bá gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun láti orí Flatpak, ọ̀nà mìíràn láti gba ètò wọlé láì fọwọ́ kan àwọn ètò Debian fúnra rẹ̀. Flatpak náà ń jẹ dátà o, nítorí náà ẹyọ kan tàbí méjì ni kí ẹ fi mọ.