Rélùwéè Kékeré Nínú Àgbàlá ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Ìfiwéra Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Rà Kí Ọkọ̀ Má Baà Máa Yẹ̀ Lójú Irin

Ẹni tó bá fẹ́ ra rélùwéè kékeré tí yóò máa yí àgbàlá rẹ̀ ká sábà máa ń kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì: àwọ̀ rẹ̀, ìró rẹ̀, èéfín tó ń rú lórí rẹ̀. Kò burú, òun ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ṣágámù àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló sábà máa ń fà á tí ọkọ̀ fi ń yẹ̀ kúrò lójú irin. Ilẹ̀ pupa tó ń rì lẹ́yìn òjò, ikán, ewé máńgòrò àti oòrùn tó ń mú irin gùn sí i ló ń fà á. Nítorí náà, ohun tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo fi ṣáájú nínú ìfiwéra yìí, ibẹ̀ náà ni mo sì rò pé ó yẹ kí ìdajì owó yín lọ, ó kéré tán.

Ìdí mìíràn tún wà. Rélùwéè gidi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà Abẹ́òkúta ló gbà. Kò ya ilẹ̀ Ìjẹ̀bú rárá. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí ẹ bá tẹ́ sí àgbàlá yín jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo àdúgbò, tí kò sì ní sí ọ̀gá kankan nítòsí tí ẹ lè ránṣẹ́ pè nígbà tó bá bàjẹ́. Ẹ ra ohun tí bíríkìlà àti wẹ́dà òpópónà yín lè bá yín tọ́jú.

Ìbú ojú irin: 45 mm tàbí 32 mm

Ìbú ojú irin ni àyè tó wà láàárín irin méjèèjì. Ìbú méjì ló wọ́pọ̀ fún ìta gbangba. Ìbú 45 mm ni ilé-iṣẹ́ Ernst Paul Lehmann, ní ìlú Nuremberg lórílẹ̀-èdè Jámánì, lò nígbà tó gbé rélùwéè kékeré rẹ̀ tó ń jẹ́ LGB jáde ní 1968; Piko ti Jámánì àti Bachmann ti Amẹ́ríkà náà ń ṣe ọjà tó lè rìn lójú irin kan náà. Ìbú 32 mm, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, wọ́n sì ń fi í ṣe àwòṣe àwọn rélùwéè tóóró tó ń kó òkúta níbi ìwakùsà láyé àtijọ́.

Ohun tí olùtajà kì í sábà sọ ni pé ara ọkọ̀ 32 mm kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ara ọkọ̀ 45 mm. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sún mọ́ra. Bí irin apá kan bá rì ní mílímítà mẹ́ta péré, ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìbú ojú irin 45 mm ni ìrì náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú ti 32 mm. Ọkọ̀ tó ga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ra yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbi tí èkejì rẹ̀ yóò ti kàn mì lásán. Àǹfààní 32 mm ni pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrú, tí wọ́n sì lè gba ibi tó há. Bí àgbàlá yín bá fẹ̀, ẹ mú 45 mm. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí tiyín jọ rélùwéè àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ láti Ìdó lọ sí Kánò, tí ìbú ojú irin rẹ̀ jẹ́ 1,067 mm, ọkọ̀ 45 mm tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n 1:24 tàbí 1:22.5 (ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 24 tàbí 22.5) ló súnmọ́ ọn jù.

Ibi tí irin yóò sùn lé

Ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń yàn láàrin wọn: kí wọ́n tẹ́ irin sórí òkúta lẹ́búlẹ́bú tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní dọ́ọ̀sì, kí wọ́n da kọ́ńkéré sílẹ̀ fún un, tàbí kí wọ́n gbé e ga kúrò nílẹ̀.

Ti dọ́ọ̀sì ló rọ̀ lápò jù. A ó gbẹ́ kòtò tóóró, a ó da òkúta wẹẹrẹ sí i, a ó tẹ́ irin lé e, a ó sì fi dọ́ọ̀sì dí àárín àwọn ìdábùú, ìyẹn àwọn ọ̀pá kéékèèké tó so irin méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀. Irin náà kò fara mọ́ ohunkóhun, nítorí náà ó lè gùn kó sì kúrú bí oòrùn bá ṣe wá tó sì lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà òjò. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi tó ń já bọ́ láti orí páànù máa ń gbẹ́ ilẹ̀ pupa wa lábẹ́ dọ́ọ̀sì náà láìjẹ́ kó hàn lókè. Irin apá ọ̀tún á rì, ti apá òsì á dúró. Ojú irin ti lọ́ nìyẹn, ìlọ́ sì burú ju òkè lọ, ó tún burú ju kòtò lọ: kẹ̀kẹ́ mẹ́ta á fara kan irin, ìkẹrin á wà lófuurufú, etí rẹ̀ tó yẹ kó di irin mú á gun orí irin, ọkọ̀ á sì yà. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n ni pé ojú kan náà ni ọkọ̀ á máa ṣubú sí, irú ẹ́ńjìnnì yòówù kí ẹ gbé síbẹ̀. Àwọn adìyẹ tí ń fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ náà kò ní jẹ́ kí dọ́ọ̀sì sinmi. Òkúta kékeré kan tí wọ́n bá ta sórí irin ti tó láti dá ẹ́ńjìnnì olówó ńlá dùbúlẹ̀.

Kọ́ńkéré kì í rì bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́, tó sì ní léfẹ̀lì lọ́wọ́, lè da èyí tí yóò tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbálẹ̀ lásán sì ti tó láti kó ewé kúrò lórí rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń dán ènìyàn wò láti kan irin mọ́lẹ̀ pinpin. Irin tí a bá kàn mọ́ kọ́ńkéré láàárọ̀ yóò wá ọ̀nà àtigùn lọ́sàn-án. Bí kò bá rí i, yóò yọ kọ́họ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ tó ń bọ̀ kò sì ní lè gba ibẹ̀ kọjá. Bákan náà, kọ́ọ̀ṣì oníke tó bá ṣubú lórí kọ́ńkéré máa ń fọ́ ju èyí tó ṣubú sórí dọ́ọ̀sì lọ.

Gbígbé irin ga dára fún àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn, ó sì ń yọ adìyẹ àti omi òjò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí pákó lásán ni ẹ fi ṣe òpó àti àwọn ohun tó dábùú lórí rẹ̀, ikán ni ẹ kọ́lé fún. Ìrókò lè dúró pẹ́, owó rẹ̀ kò sì kéré. Búlọ́ọ̀kù tí wẹ́dà to áńgù irin lé lórí ló bọ́gbọ́n mu jù níbí. Àbùkù tí kò ṣeé gbójú fò ni gíga fúnra rẹ̀: ọkọ̀ tó bá yà lórí ilẹ̀ kàn máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni, èyí tó bá yà lórí òpó tó ga tó orúnkún ń lọ sí àtúnṣe tàbí sí ààtàn. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe etí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pàápàá níbi tí irin ti tẹ̀. Nígbà Ojúde Ọba, tí ẹbí bá kún ilé, ẹ ó sì tún máa sọ fún àwọn àlejò pé bẹ́ńṣì kọ́ nìyẹn.

Bí èmi ni mo bá ń náwó, kọ́ńkéré tóóró tí kò ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mo máa dà, pẹ̀lú ihò omi lábẹ́ rẹ̀ níbi tí àgbàrá ń gbà. N ó tẹ́ irin lé e láìkàn án mọ́ ọn, n ó sì fi dọ́ọ̀sì dí i. Ó wọ́n díẹ̀ ju dọ́ọ̀sì nìkan lọ, ṣùgbọ́n ó mú ìdúróṣinṣin ọ̀kan, ó sì mú òmìnira èkejì.

Idẹ, álúmíníọ̀mù, tàbí irin tí kì í dípẹtà

Bí ojú irin tó gùn ní mítà mẹ́wàá bá gbóná ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ ní ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí irú èyí kò sì ṣàjèjì lọ́sàn-án ọjọ́ tí oòrùn mú, ti idẹ yóò fi nǹkan bí 5.7 mm gùn sí i, ti álúmíníọ̀mù 6.9 mm, ti irin tí kì í dípẹtà 5.2 mm. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ títí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé oríkèé tí ẹ bá fún pa láìsí àyè kò lè bá èyíkéyìí nínú wọn lọ. Idẹ ń gbé iná dáadáa, ó sì rọrùn láti tẹ̀, àmọ́ ó máa ń ṣú, ẹ ó sì máa nù ún bí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Álúmíníọ̀mù fúyẹ́, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ó rọ̀: ẹsẹ̀ ènìyàn tàbí ti ewúrẹ́ lè ba ìbú rẹ̀ jẹ́, ibi tí ìbú bá sì ti ṣí, kẹ̀kẹ́ á jábọ́ sáàárín. Irin tí kì í dípẹtà le, kì í fẹ́ ìnùnù púpọ̀, ó sì ṣòro láti tẹ̀ láìsí ẹ̀rọ.

Irin pẹlẹbẹ tí inú rẹ̀ ṣófo, tó máa ń bá àwọn páálí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wá, kò yẹ fún ìta wa rárá. Inú pálọ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Oríkèé ni ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣahun sí. Èyí tí a kàn ń ki bọra wà lọ́fẹ̀ẹ́ lára irin, ó sì máa ń tú nígbà tí ilẹ̀ bá mì, tí irin kan á wá yọ sókè ju èkejì lọ. Èyí tí a ń fi ìdè-yíyí (síkúrù) dè gbówó lórí, àmọ́ ó ń mú kí orí irin méjèèjì dọ́gba. Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, ẹ fi onídè-yíyí sí àwọn ibi tí irin ti tẹ̀, kí ẹ sì fi ti kíkì sí ibi tó gún kí irin lè ráyè gùn.

Iná ojú irin, bátìrì, tàbí ooru omi

Ọkọ̀ tó ń gba iná lára irin rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, iná rẹ̀ kì í sì í sábà ju nǹkan bí 24 fóltì lọ. Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná yẹn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Bí irin bá dọ̀tí, ẹ́ńjìnnì á máa já, á máa gbà, jíjá náà á sì máa fa àwọn kọ́ọ̀ṣì tu. Bí NEPA bá mú iná lọ tí ẹ kò sì dá bọ́tìnnì padà sí òdo, ọkọ̀ yóò fò síwájú nígbà tí iná bá dé, ẹ ó sì bá àwọn kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn nílẹ̀. Síbẹ̀, ó ní àǹfààní kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí: bí kẹ̀kẹ́ onírin bá yẹ̀ tó sì kan irin méjèèjì, iná á bírìjì, ẹ̀rọ á gé e, gbogbo ọkọ̀ á sì dúró.

Ti bátìrì kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì tó ti yà á máa wọ́ tẹ̀lé e, á máa fọ́ ìdábùú lọ, títí ẹ ó fi tẹ rìmóòtù. Nítorí náà, ẹni tó ra ti bátìrì gbọ́dọ̀ dúró ti ọkọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òun ló bá àyíká wa mu jù: kò bìkítà fún irin tó ṣú, fún eruku ọyẹ́, tàbí fún NEPA, bí ẹ bá ti fi ínfátà gba bátìrì rẹ̀ yó nínú ilé.

Ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi rìn ní ẹwà tí àwọn méjì yòókù kò ní. Ẹ̀wẹ̀, òun ni àṣubú rẹ̀ léwu jù, nítorí iná ń jó nínú rẹ̀, omi sì ń hó. Bí kò bá sí rìmóòtù lára rẹ̀, yóò máa sáré sí i bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, á sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbi tí irin ti tẹ̀. Gáàsì butane inú agolo, irú èyí tí a fi ń kún láítà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ má ṣe rọ gáàsì ìdáná sí i: propane máa ń wà nínú rẹ̀, agbára tí propane sì fi ń ti agolo ju ti butane lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà, kẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ya iná sọ́tọ̀, nítorí náà kò lè bá ọkọ̀ tó ń gba iná lára irin ṣeré lójú irin kan náà.

Ìtẹ̀ àti oríta

Ìtẹ̀ tó máa ń wà nínú páálí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ LGB ń ṣe òbìrí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1.2 mítà. Ẹ́ńjìnnì kékeré á gbà á, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀ṣì gígùn á máa fa ara wọn sínú. Èyí tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ó sì gba àyè, àmọ́ bí àgbàlá bá gbà á, òun ni kí ẹ rà. Ẹ má ṣe so ìtẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì láìfi irin gígún tó gùn tó kọ́ọ̀ṣì yín sí àárín wọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí òkè ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ nínú mítà kan.

Oríta, níbi tí irin ti pín sí méjì, ni ọkọ̀ ti ń yà jù lẹ́yìn ibi tí ilẹ̀ ti rì. Kóró èso máńgòrò tàbí òkúta kan kì í jẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ pa dé. Ẹ ra díẹ̀, kí èyí tí ẹ rà sì gùn.

Kẹ̀kẹ́, ìkọ́, àti ọjà tòkunbọ̀

Kẹ̀kẹ́ onírin wúwo, ó ń fa ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń kó ìdọ̀tí kéré ju ti oníke lọ. Ẹ fi í pààrọ̀ bí ó bá ti ṣeé ṣe. Nínú àwọn ìkọ́ tó ń so ọkọ̀ pọ̀, onílùúpù ti LGB kò rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń fara da ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Ìkọ́ bí ìka ọwọ́, irú ti ilé-iṣẹ́ Kadee, rẹwà, ó sì máa ń bọ́ níbi tí irin bá ti gòkè tàbí sọ̀ lójijì. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ jù ni kí ó wà lẹ́yìn pátápátá, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì.

Bí tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ mú gíláàsì pẹlẹbẹ kan àti rúlà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí gíláàsì, kí ẹ sì wò bóyá gbogbo kẹ̀kẹ́ ló fara kan án. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àárín ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ méjèèjì: ti ọkọ̀ 45 mm yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 40 mm. Bí ó bá dín ní mílímítà méjì, kẹ̀kẹ́ yẹn yóò máa gun irin ní gbogbo oríta tó bá bá pàdé. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ owó kẹ̀kẹ́ tuntun kúrò nínú iye tó ń pè.