Àṣẹ /unmute ti bọ́ọ̀tì Rose lórí Telegram: ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ admin

Màmá kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Òṣogbo, tó wà nínú gúrúùpù Telegram tí mo jẹ́ admin (alábòójútó) rẹ̀, ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọn ò jẹ́ kí n kí wọn tán tí wọ́n fi ní, "Ọmọ mi, kí ni mo ṣẹ̀ yín? Àbí mo bú ẹnì kan ni?" Mo ní kí wọ́n ya ojú fóònù wọn ránṣẹ́ sí mi. Níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sí tẹ́lẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: àwọn admin ò gbà kí wọ́n kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Àwòrán aṣọ méje ni Màmá fẹ́ fi ránṣẹ́, nítorí oníbàárà kan nínú gúrúùpù ní òun fẹ́ rí ọnà ara wọn dáadáa. Wọn ò dé orí ìkẹfà tí bọ́ọ̀tì, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá wa ṣọ́ gúrúùpù, fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwa admin la ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ léraléra, kó mú un dákẹ́. Àwọn oníjìbìtì tó ń polówó crypto la dẹ pàkúté náà fún. A ò rántí pé àgbà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan náà máa kó sí i. Ó dùn mí gan-an.

Rose ni bọ́ọ̀tì tí à ń lò, @MissRose_bot, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ tú Màmá sílẹ̀, mo kọ /unmute, àṣẹ tó ń tú ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu sílẹ̀, mo wá fi orúkọ tí gbogbo wa ń rí nínú gúrúùpù tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀tì ò mọ ẹni tí mò ń wí. Ó sì nídìí: orúkọ tí à ń rí yẹn, ẹni mẹ́wàá lè máa jẹ́ ẹ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Telegram fún oníkálukú ni bọ́ọ̀tì fi ń dá èèyàn mọ̀, tàbí orúkọ tó ní @ níwájú, Màmá ò sì ní irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó wà nínú gúrúùpù wa ni kò ní in.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí. Mo yí gúrúùpù náà sókè títí mo fi rí ọ̀rọ̀ kan tí Màmá kọ lóṣù tó kọjá, lábẹ́ àwòrán ìkòkò aró. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni fẹ́ fèsì sí i, mo kọ /unmute nìkan, mo fi ránṣẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni bọ́ọ̀tì dáhùn. Màmá ṣì wà lórí fóònù lọ́wọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Áà, ó ti ṣí o!"

Nítorí ohùn yẹn ni mo ṣe fẹ́ràn àṣẹ yìí. Èèyàn lè fọwọ́ ṣe é náà, kó wọ ibi tí Telegram ti ń to ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kó wá orúkọ ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu nísàlẹ̀, kó tú u. Àmọ́ tí àgbà bá wà lórí fóònù tí ojú ń tì í, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sàn ju títẹ ibi mẹ́fà lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí àṣẹ yìí kì í ṣe. Kì í pa ìkìlọ̀ tí ẹ ti fún èèyàn rẹ́, /resetwarn nìyẹn. Tí ẹ bá ti fi òfin dí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́nà àtifi àwòrán ránṣẹ́, ẹni tí ẹ tú sílẹ̀ náà ò ní lè fi í ránṣẹ́. Bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ admin, kí ẹ sì ti fún un lágbára láti dí èèyàn lọ́wọ́. Admin tó bá sì fi orúkọ pamọ́, bọ́ọ̀tì á kọ́kọ́ ní kó tẹ bọ́tìnì kan kó lè mọ̀ pé admin ni lóòótọ́.

Ẹ ṣọ́ àkókò tí ẹ ń kọ sí /tmute náà, ìyẹn àṣẹ tó ń dí èèyàn lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Òfin Telegram ni pé ìdílẹ́nu tó bá ju ọjọ́ 366 lọ, tàbí tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 30, ti di títí láé. Kò ní tú fúnra rẹ̀, àfi kí ẹnì kan kọ /unmute.

Kọ́kọ́rọ́ kejì tí mo lè bá yín sọ ni /setlog, àṣẹ tó ń jẹ́ kí Rose máa kọ ohun tí àwọn admin bá ṣe sínú kànnẹ́ẹ̀lì kan. Ìwé ohun tí àwọn admin ṣe tí Telegram ń tọ́jú kì í ju wákàtí 48 lọ, orúkọ bọ́ọ̀tì ló sì máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe ti admin tó pa àṣẹ. Nígbà tí a ya kànnẹ́ẹ̀lì kan sọ́tọ̀ fún àkọsílẹ̀ Rose, a ń rí ẹni tó dí ẹni lẹ́nu, a sì ń rí nọ́ńbà ẹni tí wọ́n dí. Nọ́ńbà yẹn ni mo ń fi sẹ́yìn /unmute fún ẹni tí kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fèsì sí.

Mo tún máa ń pe ẹni náà lẹ́yìn tí mo bá tú u sílẹ̀. Inú gúrúùpù ni bọ́ọ̀tì ti ń sọ̀rọ̀, kò lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti bínú pa fóònù tì ò ní mọ̀ pé ẹnu òun ti là.

A ti sọ ọjọ́ mẹ́ta náà di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sì fi kún iye ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ léraléra. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni àwòrán Màmá tó kù dé. Àdìrẹ ọlọ́nà Olókun ni ìkẹfà, ọlọ́nà Ìbàdàn Dùn ni ìkeje.