Canon 600D tọ́kùnbọ̀: ṣé ó ṣì yẹ ká fowó rà á fún iṣẹ́ fọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹni tó bá ń wá kámẹ́rà tọ́kùnbọ̀ tówó rẹ̀ ò gani lára ní Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ ní Takie tàbí ní Under G lọ́nà LAUTECH, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi gbé Canon 600D lé e lọ́wọ́. Ọdún 2011 ló jáde. Ẹni tó ń tà á á búra pé kò sí ohun tó ṣe é. Ẹni tó ti ní kámẹ́rà tuntun á ní kẹ́ ẹ má tiẹ̀ wò ó. Ibi témi dúró sí rèé: tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fẹ́ máa yà, ẹ rà á, bẹ́ ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ fídíò òde alẹ́ lẹ fẹ́ fi jẹun, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Orúkọ mẹ́ta ló ń jẹ́. 600D ni wọ́n kọ sára èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù, Rebel T3i ni ti Amẹ́ríkà, Kiss X5 ni ti Japan. Ohun kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tó jẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 18, ojú fókọ́ọ̀sì 9 (ibi tí kámẹ́rà lè fi mú nǹkan kó gaara), fọ́tò bíi 3.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síkíríìnì tó ń ṣí síta tó sì ń yí, àti ihò tí wọ́n ń ki máìkì bọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fowó lé e torí wọ́n ní "ti Amẹ́ríkà nìyí". Bẹ́ ẹ bá bá èdè Japan lójú rẹ̀, ẹ wọ mẹ́nù, ẹ wá ìlà tó ní ọ̀rọ̀ Language, kẹ́ ẹ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì.

Àléébù tó ga jù lára rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn òkùnkùn. ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga tó; láti ISO 100 dé 400, fọ́tò rẹ̀ mọ́ gaara. Ní 800, ó ṣì dáa. Ní 1600, kò sí wàhálà bó bá jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n máa ti wò ó tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n kékeré. Tó bá ti di 3200, hóró-hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú èèyàn, ibi tó dúdú lára aṣọ á sì máa ní tó-tò-tó pupa àti búlúù. Iye tó kọ síbẹ̀ dé 6400, wọ́n tiẹ̀ lè ṣí i dé 12800, àmọ́ ẹ má gbé e débẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀.

Àwa aláwọ̀ dúdú ni èyí kọ́kọ́ ń bá wí, ìdí rẹ̀ sì rèé. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Léèsì á dáa, ojú ìyàwó á ṣókùnkùn. Bẹ́ ẹ bá wá délé tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú yẹn lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo hóró-hóró tó sá pamọ́ síbẹ̀ ló máa jáde. Ojútùú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò náà kó mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ di bọ́tìnnì Av+/- mú, kẹ́ ẹ yí wíìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ fọ́tò títí dé +2/3 tàbí +1. ISO 1600 tó mọ́lẹ̀ dáadáa sàn ju ISO 800 tó ṣókùnkùn tí wọ́n wá ń fi kọ̀ǹpútà jí dìde. Ẹ sì máa yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, tẹ́ ẹ máa tún ṣe fúnra yín. Ọ̀fẹ́ ni Canon ń fúnni ní ètò tí wọ́n fi ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ìdí kámẹ́rà ni wọ́n máa bi yín.

Lẹ́ǹsì 18-55 tí wọ́n sábà máa ń tà mọ́ ọn náà ń dá kún ìṣòro òkùnkùn yìí. Bẹ́ ẹ bá ti fà á dé 55, ibi tó ti ń sún nǹkan mọ́ni jù, f/5.6 ni ojú rẹ̀ lè ṣí mọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré sí ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó). Lẹ́ǹsì Canon 50mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé níbi tí 18-55 ti máa ní kẹ́ ẹ lọ sí ISO 6400, 50mm á ṣe é ní nǹkan bí ISO 640. Kò sí owó tẹ́ ẹ máa ná sórí kámẹ́rà yìí tó máa yí fọ́tò yín padà tó báyìí. Ẹ ṣáà má ta 18-55 nù, torí lórí 600D, 50mm ń rí bíi 80mm: ẹni kan sí mẹ́ta ló dáa fún. Bí ẹbí bá tò sí pálọ̀, ògiri ẹ̀yìn ló máa dá yín dúró kí gbogbo wọn tó wọlé.

Tí ojú 50mm bá ṣí dé f/1.8, ibi tó mú gaara á tín-ín-rín gan-an. Ojú kan á mú, etí á ti ń fà sẹ́yìn. Fún ẹni méjì tó dúró pọ̀, f/2.8 ni kẹ́ ẹ lò. Nínú ojú fókọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án yẹn, ti àárín nìkan ló lágbára nínú ilé tí kò mọ́lẹ̀. Ẹ yan ìyẹn, ẹ fi mú ojú onítọ̀hún, ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, kẹ́ ẹ tó yí kámẹ́rà síbi tẹ́ ẹ fẹ́.

Fíláṣì ni ohun kejì. Èyí tó ń fò jáde lórí kámẹ́rà, bí wọ́n bá fi yà èèyàn ní tààràtà, iwájú orí á máa dán, òjìji á sì wà lára ògiri lẹ́yìn. Àmọ́ ó níṣẹ́ mìíràn tí ọ̀pọ̀ tó ń tà á kì í sọ: ó lè pàṣẹ fún fíláṣì mìíràn tó bá gbọ́ èdè Canon láìsí wáyà, bí àwọn méjèèjì bá ti ń rí ara wọn. Nínú sítúdíò kékeré, ìyẹn dáa. Nínú oòrùn gangan, kò ní gbọ́ dáadáa. Ní gbọ̀ngán tí àjà rẹ̀ jẹ́ POP funfun tí kò ga jù, ẹ kọjú fíláṣì ńlá tí wọ́n ń ki bọ orí kámẹ́rà sí àjà, ìmọ́lẹ̀ á wálẹ̀ pẹ̀lẹ́tù sójú gbogbo èèyàn. Lábẹ́ kánópì, ẹ má dán an wò, torí kánópì búlúù máa sọ gbogbo àlejò di aláwọ̀ búlúù. Ẹ kó wọn wá sétí kánópì níbi tí ìmọ́lẹ̀ òde ti ń wọlé, kẹ́ ẹ yà wọ́n síbẹ̀.

Ní ọ̀sán, ẹ máa gbàgbé pé ó ti dàgbà. Fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní LAUTECH, ìkómọ láàárọ̀, pásípọ́ọ̀tù, ọjà tí wọ́n fẹ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe tó sì ń ṣe dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ lóṣù August lè fi mú àwọn tó ń jó bàtá, bó bá gbé ṣọ́tà (ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán, kó sì fi í sí JPEG, fáìlì tó kéré ju RAW lọ. Ní RAW, bíi fọ́tò mẹ́fà léraléra ló máa yà kó tó dúró mí, eré á sì ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ fídíò wá. Ẹ̀ẹ̀kan ni fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ń mú. Kì í tẹ̀ lé èèyàn. Bí tọkọtaya bá ń jó wọlé bọ̀ wá bá yín, ọwọ́ lẹ máa fi máa yí òrùka iwájú lẹ́ǹsì, òrùka ti 18-55 yẹn sì tín-ín-rín, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Bí fáìlì bá ti pé 4GB, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 12 ní 1920x1080, fídíò á dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ ó sì tún tẹ̀ ẹ́. Ìwàásù kan tàbí ọ̀rọ̀ alága ìdúró kan á ti kọjá ìyẹn. Ó níbi tí wọ́n ń ki máìkì bọ̀, kò níbi tí wọ́n ń ki nǹkan gbọ́ràn bọ̀, nítorí náà ẹ ò ní mọ̀ pé máìkì ti yọ àfi bẹ́ ẹ bá gbọ́ fídíò náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yà á tán.

Èyí tó máa dun oníbàárà yín jù ni ti aṣọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ara aṣọ òkè àti ihò léèsì á máa jó, á máa ta àwọ̀ òṣùmàrè nínú fídíò. Bí kámẹ́rà yìí ṣe ń fo ìlà kọjá nígbà tó bá ń ka sẹ́ńsọ̀ fún fídíò ló fà á. Ẹ̀rọ tó ń tún fídíò ṣe kò lè yọ ọ́ tán. Ọgbọ́n kan wà: níbi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n fídíò, ẹ mú èyí tó ní zoom 3x. Àárín sẹ́ńsọ̀ nìkan ló máa lò, kò sì ní fo ìlà mọ́, aṣọ á balẹ̀. Ẹ ó kàn sún sẹ́yìn gan-an ni, torí ó ń súnni mọ́ nǹkan.

Èyí tó bá sì wá láti Amẹ́ríkà, NTSC (ètò fídíò ti Amẹ́ríkà) ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, tó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná NEPA wa àti ti jẹnẹrétọ̀, 50 ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà, 60. Ìdí nìyẹn tí ìlà dúdú fi ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú fídíò bẹ́ ẹ bá wà lábẹ́ iná fulọrẹ́sẹ́ǹtì tàbí LED olówó pọ́ọ́kú. Ẹ wọ mẹ́nù, ẹ yí Video system sí PAL (ètò tiwa), ẹ yan 25, kẹ́ ẹ sì fi ṣọ́tà sí 1/50. Kámẹ́rà ò níṣòro kankan. Ọ̀pọ̀ ló ti tà á ní ẹ̀dínwó nítorí ìlà yìí.

Ó ku yíyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú káàdì SD tiyín dání àti fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi kámẹ́rà sí M (ibi tẹ́ ẹ ti ń fọwọ́ yan gbogbo rẹ̀), ISO 400, f/5.6, 1/4000, kẹ́ ẹ ya ògiri funfun tí oòrùn ń ràn sí. Gbogbo fọ́tò gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ dọ́gba. Bí apá kan bá ṣókùnkùn tàbí tí ọ̀já dúdú gba ibì kan kọjá, ṣọ́tà rẹ̀ ti ń lọ, ẹ dá a padà. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láti ka iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí, torí ti Canon yìí kì í kọ ọ́ sínú fọ́tò bíi ti Nikon. 100,000 ni wọ́n máa ń fojú sí fún un. Èyí tó bá ti súnmọ́ ọn, kí owó rẹ̀ já wálẹ̀ gidi.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Av (ibi tẹ́ ẹ ti ń yan nọ́ńbà f, tí kámẹ́rà á yan ṣọ́tà), f/22, ISO 100, kẹ́ ẹ tún ya ògiri náà. Tó-tò-tó dúdú tẹ́ ẹ bá rí, eruku ni, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ó ṣeé fọ̀, nítorí náà ẹ fi ná ọjà, ẹ má fi sá. Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, kámẹ́rà á dojú bolẹ̀, bátìrì á kún. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Ẹ má sì gbé e lọ fún fọganáísà láéláé, torí omi àti ọ́ìlì wà nínú atẹ́gùn wọn. Ìlà gígùn tó wà lójú kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, ìyẹn kì í ṣe eruku, sẹ́ńsọ̀ ti fara ya.

Ẹ ṣí síkíríìnì, ẹ yí i lọ yí i bọ̀ nígbà tó wà ní tíntàn. Wáyà pẹlẹbẹ kan gba inú ìdè rẹ̀ kọjá. Bó bá ti fẹ́ já, síkíríìnì á máa ṣẹ́jú tàbí kó kú níbì kan. Ẹ fi fíláṣì lé orí kámẹ́rà, ẹ rí i pé ó ń tàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn káàdì àti ti bátìrì, kẹ́ ẹ pa á dé: bọ́tìnnì kékeré kan wà níbẹ̀, tí èyí bá ti kán, kámẹ́rà ò ní tan, ẹ ó sì rò pé bátìrì ló kú.

Fún lẹ́ǹsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, ẹ wò ó láti iwájú. Ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ebu ni, ó sì ń tàn kálẹ̀ lásìkò òjò. Ẹ fi í sí f/11, ẹ yà á ní 18, ní 35, ní 55. Bí Err 01 (àmì pé àṣìṣe wà) bá yọ níbì kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wáyà inú lẹ́ǹsì ló ti ń já. Nínu ojú irin rẹ̀ kò ní wò ó sàn. Ẹ má san owó lẹ́ǹsì yẹn rárá, ẹ ra ara kámẹ́rà nìkan.

Bátìrì rẹ̀ ni LP-E8. Tuntun rẹ̀ tó jẹ́ ojúlówó máa ń ya bíi fọ́tò 440 bẹ́ ẹ bá ń fi ojú wò ó láti inú ihò, bíi 180 bó bá jẹ́ síkíríìnì lẹ fi ń wò ó. Méjì lẹ nílò. Èyí tó bá ti wú, tó ṣòroó yọ, ẹ má gbà á.

Mi ò kọ iye náírà síbí torí kì í dúró. Ẹ ṣáà ka owó ara kámẹ́rà, ti 50mm, ti bátìrì kejì àti ti káàdì pọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé ó rọjú. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá wọ iye ti Canon 700D tọ́kùnbọ̀ (tó jáde ní 2013), 700D ni kẹ́ ẹ gbà: LP-E8 kan náà ló ń lò, síkíríìnì rẹ̀ ń gbọ́ ìka, ó sì lè máa mú fókọ́ọ̀sì nínú fídíò. Ẹni tó bá jẹ́ fídíò ló máa bọ́ ọ, kó tọ́jú owó de Canon 70D, tó ń tẹ̀ lé ojú èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ yí nǹkan kan.