Rédíò tó bá mọ́tò wá tàbí Android: kí ẹ tó náwó ní Ìkòròdú

Púpọ̀ nínú àwọn Corolla àti Camry àlòkù tó ń rìn ní Ìkòròdú ni wọ́n ti yọ rédíò tó bá wọn wá, tí wọ́n ti fi rédíò Android olójú gbàgàdà, tó ń ṣiṣẹ́ bíi fóònù, síbẹ̀. Ọjọ́ tí oòrùn bá mú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ni ẹlòmíràn máa ń rántí ti àkọ́kọ́: ojú Android ò ṣeé rí mọ́, tàbí kó dákú, kó tún jí fúnra rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ padà sí ti Toyota àti ẹni tó fẹ́ ra Android tuntun, ìbéèrè kan náà ni màá kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé wọ́n ti gé sọ́kẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn orí tí wáyà mọ́tò fi ń wọ ẹ̀yìn rédíò? Iye tí wọ́n ń ta rédíò kọ́ ló máa sọ èyí tó wọ́n jù. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí rìwáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, fa Android náà síta kí ẹ tó ná ohunkóhun. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lẹ́yìn rédíò ọ̀pọ̀ irú Toyota àlòkù yìí: ọ̀kan oníhò mẹ́wàá, tó gbé iná àti sípíkà iwájú, èkejì oníhò mẹ́fà, fún sípíkà ẹ̀yìn. Tí ẹni tó de Android bá fi adápítọ̀, wáyà tó ń so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ Android láìgé e, sí àárín, orí ti bá yín ṣe é: ẹ yọ adápítọ̀, ẹ ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ rédíò Toyota, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n gé e, tí wọ́n lọ́ wáyà mọ́ wáyà, tí wọ́n wá fi téèpù dúdú wé e bí ẹni wé ọgbẹ́, rédíò tí ẹ bá rà kò ní rí ibi kì bọ̀.

Ẹ máa wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé lára Toyota míì, tòun ti ìrù wáyà rẹ̀, kí rìwáyà so ó padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni owó ti ń jáde, nítorí àwọ̀ wáyà Toyota yàtọ̀ sí ti Android. Lára Android, yẹ́lò ni iná bátìrì tí kì í kú, pupa ni iná tó ń jí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, dúdú ń lọ sára irin mọ́tò, eérú sì ni sípíkà iwájú lápá ọ̀tún. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, eérú yẹn gan-an ni iná kọ́kọ́rọ́! Rìwáyà tó bá so eérú mọ́ eérú ti ti iná kọ́kọ́rọ́ wọ ẹnu sípíkà. Ẹ ní kó fi tẹ́sítà yẹ wáyà kọ̀ọ̀kan wò lójú yín. Èyí tó bá ń fi àwọ̀ nìkan ṣiṣẹ́, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ gba ibòmíràn lọ.

Ká wá gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ní ti orin, Android ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Rédíò Corolla 2003 sí 2008 ò mọ Bluetooth. Ẹ máa ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò láítà sìgá kí orin fóònù tó lè gba orí FM wọlé. Ẹni tó sì máa ń fẹ̀yìn rìn láàárín kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Sábó, kámẹ́rà ẹ̀yìn nìkan tó ìdí láti má kúrò lórí Android.

Ní ti bátìrì, ti Toyota ló fọkàn ẹni balẹ̀. Àwọn kan máa ń so pupa àti yẹ́lò Android pọ̀ kí wọ́n má bàa wá iná kọ́kọ́rọ́ kiri. Kò ní sùn mọ́ nìyẹn, tí mọ́tò bá sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan, bátìrì á ti kú. Ẹ̀bi ẹni tó dè é ni, kì í ṣe ti Android. Bọ́tìnnì orí sítíárìn náà ńkọ́? Mọ́tò tó bá ní in, rédíò rẹ̀ mọ̀ ọ́n láìkọ́. Ti Android ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn tó ń dè é sì sábà máa ń fi í sílẹ̀ láìso.

Èrò tèmi: tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá pé, tí ìròyìn àti CD bá tó yín, ẹ padà sí ti Toyota. Tí wọ́n bá ti gé e, tí Android sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fowó tún wáyà rẹ̀ de dáadáa.

Fún ẹni tó ń padà, ọjà ẹ̀yà mọ́tò Ọwọ́dé Onírin sún mọ́ wa ju ti Ládípọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ẹ ti rà á, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì. Tó bá wá láti Jàpáànì, ẹ yí FM lọ sókè: 76 sí 90 ni ọ̀pọ̀ ti àtijọ́ wọn ń gbà, Radio Lagos sì wà ní 107.5, Traffic Radio ní 96.1. Ti Amẹ́ríkà ń gbà wọ́n. Tó bá jẹ́ Honda lẹ ní, ọ̀pọ̀ rédíò rẹ̀ ń béèrè kóòdù tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lórí iná. Bí ojú rẹ̀ bá kọ CODE, tí ẹni tó ń tà á ń búra pé kò le, kó tẹ̀ ẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Rédíò yòówù kí ẹ rà, ẹ gba irin méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti férémù dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Férémù Android kì í sábà bá rédíò Toyota mu, rédíò tí kò sì ní irin tí sípánà nọ́ńbà 10 máa dè á máa gbọ̀n ní gbogbo kòtò.

Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́ tán, ẹ gbé ohùn lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tún un tàn. Bí àwọn ibùdó rédíò tí ẹ ti tọ́jú bá ti pòórá, iná tí kì í kú kò tíì dé ibẹ̀.